Ẹrẹ̀ Ló Ń Yan Irinṣẹ́

Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú tí mo sì fẹ̀yìn ti ògiri, oorun máa ń gbé mi lọ, ìsàlẹ̀ adágún ló sì máa ń gbé mi lọ. Màá máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ẹrẹ̀ tútù, omi á mù mí dé àyà, òṣíbàtà á máa fara kàn mí lápá, lékeléke á dúró létí omi, kò ní fò. Mi ò ní máa wá nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni yóò máa bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá jí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi.

Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ náà ò tíì fi mí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ti fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Zóńgò, àdúgbò àwa àlejò yìí, tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí, tí ẹ ń rò ó pé ṣé iṣẹ́ akọ̀wé ni kí ẹ ṣe ni àbí awakọ̀, ṣé ọjà ni àbí ilé kéwú, ẹ fún èmi Sùlé láyè kí n ro tèmi fún yín. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun ṣe irú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ilé kan ní Tàmálè tí kò mu nínú rẹ̀.

Kíkó ẹrẹ̀ kúrò nínú adágún ni iṣẹ́ mi. Ẹ mọ ìlú wa, kò sí odò ńlá tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Òjò ló ń fún wa lómi, àwọn kòtò ńlá tí àwọn ará ilẹ̀ yìí gbẹ́ láti ayébáyé ló sì ń bá wa tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá ṣe ń gbé omi wá, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀, adágún tó jìn bíi kànga á di pẹrẹsẹ bí àwo, omi inú rẹ̀ ò sì ní pẹ́ gbẹ. A ní láti kó ẹrẹ̀ náà jáde. Kí la ó fi kó o? Ìbéèrè yẹn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dáhùn.

Láti Ọ̀fà ni bàbá mi ti wá. Aṣọ ló ń tà ní ọjà àárín ìlú, ó sì ti ya àga kan sọ́tọ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ní làákàyè. Kí n má purọ́, aṣọ ò wù mí. Ohun tó wù mí ni ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí adágún tó ti gbẹ á ṣàdédé lajú, tí sánmà á sì bọ́ sínú rẹ̀. Mo máa ń fi ọjà sílẹ̀ lọ wò ó. Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún nígbà tí Bàbá Yísà wá ra aṣọ lọ́dọ̀ wa, tó rí ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ́sẹ̀ mi, tó bi mí pé adágún wo nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹrẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi di ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi, kò sí ìtàn níbẹ̀.

Bàbá Yísà ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ adágún fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi nígbà náà. Ọmọ alfa Ìlọrin ni, ó mọ Kùránì dáadáa, àmọ́ kànga ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbẹ́, láti Ìlọrin títí dé Salaga, kó tó wá jókòó sí Tàmálè. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí i, débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó lè gbọ́ ìbáwí ara rẹ̀.

Ilé irinṣẹ́ wa kún. Ọkọ́ wà níbẹ̀, ṣọ́bìrì wà, páànù àti apẹ̀rẹ̀ wà. Pọ́ńpù kan wà tí èèyàn méjì máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fa omi jáde. Kẹ̀kẹ́ olókùn wà tí a fi ń fa korobá ẹrẹ̀ gòkè. Èyí tó wù mí jù ni akólẹ̀, àwo irin ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tí màlúù méjì á máa fà, tí ẹnì kan á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látẹ̀yìn kó lè ha ẹrẹ̀ kúrò bí ẹni ha ìdí ìkòkò. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, Bàbá Yísà ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Ó fún mi ní ọ̀pá gígùn kan, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n máa rìn káàkiri inú adágún, kí n sì wá máa sọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá a.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa fún mi ní ọkọ́?"

"Kí lo fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni, Bàbá."

"O ò tíì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, o ti fẹ́ mú nǹkan lọ́wọ́. Ìwọ kọ́ ló ń yan irinṣẹ́, Sùlé. Ẹrẹ̀ ló ń yàn án. Padà sínú rẹ̀, kí o lọ gbọ́ ohun tó ń bèèrè."

Mo padà. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè. Ẹrẹ̀ kan wà tó dà bí ògì. Ọkọ́ ò lè gbé e, ṣọ́bìrì ò lè dì í mú, korobá ló ń bèèrè, tàbí kí a ní sùúrù kí ọyẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ. Èyí tó dì bíi túwó àná ni akólẹ̀ fẹ́ràn, màlúù á máa fà á bí ẹni ń gé ọṣẹ. Níbi tí gbòǹgbò koríko odò bá ti ta kókó, àfi ọkọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń wí ni, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá Yísà tún kọ́ mi pé kí a tó bu páànù ẹrẹ̀ kan, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a máa dà á sí, kí òjò má baà gbé e padà wá. A sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àwọn obìnrin á ti máa pọnmi nígbà tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ adágún tó dára gan-an fún àwọn tí òùngbẹ ti lé kúrò nílùú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan wà tí ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi. Ó rán mi wọ inú adágún kan tí eṣúṣú pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mẹ́ta lẹ̀ mọ́ mi lójúgun, mo yí padà, n ò dé àárín. Mo jáde, mo ní, "Bàbá, ó le dáadáa níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí màlúù wọlé." Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ibi tí ẹrẹ̀ mọ lára mi, kò kọjá orúnkún. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò. Bàbá arúgbó náà rìn wọ inú omi lọ, ó dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìdí rẹ̀, nígbà tó dé àárín, ẹrẹ̀ mù ún dé àyà. Ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n fi fà á jáde.

Ó dúró níwájú mi, omi ń kán lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé èmi nìkan ló gbọ́ ọ.

"Màlúù méjèèjì ì bá ti kú síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí wọn, ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́bàá ilé bàbá rẹ. O mọ̀ ọ́n."

Kò lù mí. Kò tún un sọ mọ́ láéláé. Mo di agbádá náà mú títí tí ara rẹ̀ fi gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọdún náà wá ṣàn lọ bí omi tí kò ní àpáta níwájú. Mo fẹ́ Rámátù, ọmọ àwọn aládùúgbò wa ní Zóńgò, obìnrin tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkọ òun nìkan ni ọkùnrin tó máa ń wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kéré ju ti ìgbà tó jáde nínú adágún lọ, nítorí pé ẹrẹ̀ tó gbẹ ti ṣí kúrò lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Sobìà jáde lẹ́sẹ̀ mi nígbà méjì, Rámátù ló bá mi fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i jáde, ìwọ̀nba ìka kan lóòjọ́, pẹ̀lú sùúrù tí èmi ò ní. A ṣiṣẹ́ ní Kakpagyili, a ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé tí mi ò rántí orúkọ wọn mọ́, àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹrẹ̀ wọn wá, ẹsẹ̀ mi á dá a mọ̀. Mo rántí àárọ̀ ọyẹ́ tí kùrukùru bo adágún, tí a ò rí ara wa, tí olúkúlùkù kàn ń gbọ́ ìró ọkọ́ ẹnì kejì bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìlú mìíràn.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá Yísà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sílé rẹ̀ ní Tàmálè níbí. Wọ́n fi mí ṣe olórí. Wọ́n fún mi ní ṣòkòtò kákí àti bàtà aláwọ, mo sì fẹ́ràn bàtà náà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Abúlé kan wà lẹ́yìn Gurugu, nǹkan bí ìrìn wákàtí méjì. Adágún wọn ti kún fún ẹrẹ̀, omi rẹ̀ kì í lò ju oṣù méjì lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún yẹn gan-an ni katakata àkọ́kọ́ dé láti ìhà gúúsù, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ẹsẹ̀ irin rákò, tó ní abẹ irin fífẹ̀ níwájú tó fi ń ha ilẹ̀. Ọ̀dọ́ òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló bá a wá. Onísùúrù èèyàn ni, ó ń kọ́ Háúsá, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ó bi mí pé, "Sùlé, adágún yìí, ṣé màlúù ni àbí ẹ̀rọ?"

Mo lọ wò ó. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Mo dúró létí rẹ̀ nínú bàtà mi, mo fi ọ̀pá gún ẹ̀gbẹ́ kan, mo gún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó le. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ mi ti kan ìsàlẹ̀ adágún kẹ́yìn. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀rọ náà ti wọ̀ mí lójú. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, ọ̀gá."

Ó dùn ún wò. Ohun tí màlúù á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe, katakata fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é. Àwọn ará abúlé jókòó sétí adágún bí ẹni wá wo ìran. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Mma Sáná ni wọ́n ń pè é, Mma ni àwọn ará Dàgbọ́ń, àwọn onílẹ̀ ibí, ń pe ìyá, òun sì ni olórí àwọn obìnrin níbẹ̀. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ náà sọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ.

Ó fi Háúsá sọ fún mi pé, "Ó ti pupa jù. Ilẹ̀ omi wa kì í pupa."

Mo ní, "Mma, iṣẹ́ wa nìyí. Ẹ máa lọ sinmi."

Ó wò mí, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó gòkè lọ.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, adágún kún dé ẹnu. Wọ́n pa àgbò kan fún wa. Lọ́jọ́ kẹta, omi ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn apá. Mo ní oòrùn ló fà á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sí omi mọ́. Ìsàlẹ̀ gbẹ, ó sán, ẹja wẹ́wẹ́ tó bá àgbàrá wọlé ń jà fún ẹ̀mí wọn nínú ihò ẹsẹ̀ katakata. Àwọn òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀, wọ́n rì wọlẹ̀ bákan náà.

Nígbà náà ni mo bọ́ bàtà mi, mo sì wọ inú rẹ̀. Mi ò rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi sọ ohun gbogbo fún mi. Abẹ́ ẹrẹ̀ níbẹ̀, amọ̀ fẹ́lẹ́ kan ló wà, kò nípọn ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ. Òun ló ń di omi náà mú. Abẹ́ rẹ̀, yangí ni, tó kún fún ihò bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Katakata ti ha ẹrẹ̀, ó ti ha amọ̀ mọ́ ọn, ó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Màlúù ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń tẹ akólẹ̀ máa ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹrẹ̀ bá parí tí amọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi tó yẹ kí n gbọ́ fún un wọ bàtà. Àwọn àgbà máa ń tu ara wọn nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní tèmi, agbè gan-an ló fọ́.

Àwọn àgbà abúlé ṣèpàdé. Wọ́n ní bí òjò bá fi lè kásẹ̀ nílẹ̀ láìsí omi nínú adágún, àwọn á tú òrùlé àwọn, àwọn á ṣí lọ. Ibojì àwọn bàbá wọn wà níbẹ̀. Oṣù méjì péré ló kù kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Òyìnbó náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní òun á kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ náà ò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Rárá, ọ̀gá. Ilẹ̀ náà dára kí n tó dé ibẹ̀. Èmi ni mi ò wọ inú rẹ̀." Ó pa ìwé náà dé.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Rámátù bu omi wá fún mi, mi ò lè mu ún.

Ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí, ó ní, "Bàbá Àwáwù, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ronú ẹ̀ níbí? Ẹ lọ bá ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́."

"Ojú ń tì mí."

"Ó ti rí ìtìjú yín rí. Kò pa á."

Bàbá Yísà ò ríran mọ́ rárá nígbà náà. Orí ẹní ló wà nínú ọgbà ilé rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Nígbà tí mo parí, ó na ọwọ́ jáde, ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Ó ní, "Ó ti rọ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Irinṣẹ́ tó máa tún un ṣe, kò sí nínú ilé irinṣẹ́ yín. Lọ bi àwọn tó ni omi."

"Obìnrin tí mo ní kó lọ sinmi ni, Bàbá."

"Òun náà ni."

Nígbà tí mo dé agbo ilé Mma Sáná, àwọn obìnrin bí ogún ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe ilẹ̀ àgbàlá tuntun fún ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ìlà gígùn, igi pẹlẹbẹ lọ́wọ́ olúkúlùkù, wọ́n ń na ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú orin, gbogbo igi ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n ti nà kọjá, ilẹ̀ ń dán bí inú igbá. Ẹnì kan da omi ìfọwọ́ nù sórí apá tó ti gbẹ. Omi náà dúró. Kò mù. Mo wò ó títí tí afẹ́fẹ́ fi gbá a lọ.

Mo kúnlẹ̀ fún Mma Sáná. "Mma, mo wá tọrọ àforíjì."

Ó ń na ilẹ̀ rẹ̀ lọ. "Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ sinmi. Mo ti sinmi."

"Àṣìṣe mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, irú ilẹ̀ yìí, ṣé ẹ lè ṣe é sí ìsàlẹ̀ adágún?"

Orin dáwọ́ dúró. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Mma Sáná ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ronú.

Ó ní, "Ìyá ìyá mi sọ pé àwọn obìnrin ló na ti àkọ́kọ́. Mo rò pé àlọ́ ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Amọ̀ ògán la máa lò. Kí màlúù tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀. Kí ẹ̀yin ọkùnrin wá èèpo èso igi irú, a máa ń sè é, omi rẹ̀ ló ń mú ilẹ̀ le. Ẹ̀rọ rẹ yẹn ńkọ́? Kí ló lè ṣe?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí bẹ́ẹ̀. Mo wọ inú adágún, mo rìn ín láti etí dé etí, mo jáde. Mo ní kí ẹ̀rọ má fẹsẹ̀ kan ìsàlẹ̀ mọ́. Kó dúró lókè, kó máa fi okùn irin wọ́ amọ̀ ògán wá láti inú igbó, nítorí ọ̀nà náà jìn, amọ̀ sì wúwo. Òyìnbó náà gbà. Orí tirẹ̀ náà ló fi ru páànù nígbà tí awakọ̀ ń sinmi.

A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a ń gbọ́n omi òjò jáde bó ti ń wọlé. Màlúù ń yí ká nínú amọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń dún pọ̀ṣọ̀ pọ̀ṣọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn obìnrin, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, láti abúlé náà àti láti abúlé mẹ́ta tó yí i ká. Rámátù wá láti Zóńgò pẹ̀lú àwọn obìnrin wa mẹ́wàá, wọn ò mọ orin náà, wọ́n kọ́ ọ. Òjò wẹ́wẹ́ á máa fọ́n, èéfín èèpo tí wọ́n ń sè á máa wọ́ nílẹ̀, ìró igi á máa lọ, á máa bọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí ohun tí èèyàn ń rí láàárín oorun àti jíjí. Mo na ilẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mma Sáná tún tèmi nà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òjò ńlá kan ṣoṣo ló kù nínú ọdún náà nígbà tí a parí. Ó rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, adágún kún ju ìdajì lọ. Mo ri ọ̀pá kan mọ́ ọn, mo fi ọ̀bẹ fá ojú ibi tí omi dé. Gbogbo abúlé ń wá wò ó láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ọjọ́ kẹta, ojú kan náà ló wà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi díẹ̀ lọ sílẹ̀, ìwọ̀n tí oòrùn lè fà. Mma Sáná wọ inú rẹ̀ dé kókósẹ̀, ó fi igbá bu omi, ó mu, ó gbé e fún mi.

Ó ní, "Àwa ò ṣí lọ mọ́."

Mo gbé omi náà díẹ̀ lọ fún Bàbá Yísà nínú ìgò. Ó tọ́ ọ wò, ó ní amọ̀ ṣì ń rùn nínú rẹ̀, yóò lọ tó bá di àmọ́dún. Òun fúnra rẹ̀ ò dé àmọ́dún. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ló kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ogun àgbáyé kejì dé. Epo ò wá mọ́, katakata jókòó sábẹ́ igi, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. A padà sí ọkọ́ àti màlúù, kò sì ṣe wá nǹkan kan. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn wá, èyí tó máa ń dúró sórí bèbè, tó máa ń ju korobá irin sínú omi bí apẹja ṣe ń ju àwọ̀n, tó sì máa ń fà á padà. Àwọn kan rò pé màá kọ̀ ọ́ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò kọ̀ ọ́. Adágún ńlá kan wà létí ìlú tí omi rẹ̀ kì í tán, tí kò sẹ́ni tó lè wọ́ akólẹ̀ wọ inú rẹ̀. Mo wọ ọ́ fún ọjọ́ méjì. Amọ̀ rẹ̀ nípọn ju gígùn ọ̀pá mi lọ. Mo jáde, mo ní kí ẹ̀rọ náà máa bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bá ohun tuntun jà, ẹ má sì sìn ín. Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ń bèèrè.

Orúnkún mi ló dá mi dúró. Nígbà tí mo bá wọ inú omi tútù, kì í gbà kí n jáde mọ́. Àwọn tí mo kọ́ ló ń ṣe é báyìí, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń kùn pé mo le jù.

Ní ìgbà kan, kò pẹ́ sígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo bá ọkọ̀ ẹrù kan lọ sí apá ibi abúlé ẹ̀yìn Gurugu yẹn. Mma Sáná ti kú. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo igbó ti gbẹ táútáú, àmọ́ omi wà nínú adágún, òṣíbàtà ti bo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyẹ ń rìn lórí ewé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń pọnmi. Ó rí i pé àjèjì ni mí, ó bu omi fún mi láìjẹ́ pé mo tọrọ.

Mo bi í pé, "Ta ló gbẹ́ omi yín yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tó ti ń ṣarán.

Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá a síbẹ̀ nìyẹn."

Mo mu omi náà tán. Mo dá igbá padà fún un, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.